Ẹ bá wa fi ògiri òkúta kan sílẹ̀ ní Ewékorò

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa àwọn ibi ìgbafẹ́ nípìnlẹ̀ Ògùn, ó dáa gan-an, àmọ́ tọ́rọ̀ òkúta bá ti délẹ̀, Olúmọ nìkan ni gbogbo wa máa ń rántí. Ẹ jọ̀ọ́, Ewékorò ńkọ́?

Pápáláńtò ni wọ́n bí mi sí, típà tó ń kó òkúta lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò ni bàbá mi ń wà, lọ́jọ́ kan wọ́n mú òkúta funfun kan wálé tí ìkarahun wà nínú ẹ̀, kì í ṣe pé ó lẹ̀ mọ́ ọn lára o, inú òkúta yẹn gan-an ló wà, ìlà ara ẹ̀ ṣì hàn kedere. Mo gbé e lọ fún tíṣà mi, wọ́n ní kí n jù ú nù. Mi ò jù ú nù, ó wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń tẹ lẹ́tà yìí.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé òkun ló wà níbẹ̀ ní nǹkan bíi 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ìkarahun àti ẹrẹ̀ funfun ń rọ̀ sísàlẹ̀ omi, wọ́n ń gun orí ara wọn títí wọ́n fi di limestone tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì. Lónìí, láti Ewékorò dé etí òkun ju 50 kìlómítà lọ! Irú òkúta yẹn ò sì mọ bọ́dà, wọ́n ń wà á ní Onígbólò ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n ń wà á ní Tabligbo ní Tógò. Orúkọ Ewékorò làwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi ń pè é nínú ìwé wọn, àwọn ọmọ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ò sì mọ̀.

Mi ò ní kí wọ́n má fọ́ òkúta mọ́ o. Láti 1960 ni wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì níbẹ̀, owó ẹ̀ náà ni wọ́n fi rán mi níléèwé. Àmọ́ ẹ wo Matanzas ní Kúbà, níbi táwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú pọ̀ sí. Wọ́n ń fọ́ limestone níbẹ̀ lọ́dún 1861, ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé irin bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan, ó já sínú ihò, wọn ò rí i mọ́, ìgbà tí wọ́n máa wa ibẹ̀ wò, ihò ràgàjì ló wà nísàlẹ̀. Omi òjò ló gbẹ́ ẹ, torí omi tó bá gba inú ilẹ̀ kọjá máa ń kan díẹ̀, ó máa ń jẹ limestone díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì jẹ yẹn ló tún ń kán tótó látòkè tó ń di ọ̀pá òkúta funfun. Ihò Bellamar nìyẹn, ó gùn ju 20 kìlómítà lọ, àwọn àlejò ṣì ń wọ̀ ọ́ dòní. Ibi iṣẹ́ òkúta ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì dá a sí.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò tó ìyẹn. Níbi tí wọ́n bá ti wà tán, kí wọ́n fi ògiri kan sílẹ̀ kí omi àti pàǹtí tó bò ó, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ lédè Yorùbá pé òkun ni ibí, kí wọ́n kọ́ yàrá kékeré kan tí wọ́n á máa kó irú òkúta báyìí sí. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí yàrá yẹn, màá gbé òkúta bàbá mi wá.

Èmi òǹkàwé yín,
Pápáláńtò.