Ẹ jẹ́ kí ọmọ mẹ̀kúnnù náà fọwọ́ kan irinṣẹ́ sáyẹ́ǹsì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Riwáyà ni mí ní Ìdí-Òró, Mushin. Iná mọ́tò ni mò ń ṣe, ọdún 29 mi rèé nídìí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS2 ló mú mi kọ̀wé sí yín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé oúnjẹ wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mò ń fi mítà tó ń wọn iná wo bátìrì ọkọ̀ kan lọ́wọ́. Ó dúró, ó tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ tó ń mì nínú mítà náà, ó ní, "Dádì, ṣé nǹkan tí tíṣà físíìsì wa máa ń yà sójú bọ́ọ̀dù nìyí?" Mo ní òun ni. Ó ní òun ò tíì fọwọ́ kàn án rí. Ẹyọ kan ló wà nílé ìwé wọn, wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́rẹ́ ẹ̀ sì ti há. Àwọn ọmọ kíláàsì náà lé ní ọgọ́ta.

N ò dá tíṣà wọn lẹ́bi. Mo wo nóòtì ọmọ mi, àwòrán tó ní kí wọ́n yà síbẹ̀ mọ́ tónítóní. Àmọ́ ta ló lè fi mítà ojú bọ́ọ̀dù wọn iná?

Èyí tó dùn mí jù ni ti owó práktíkà, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe. Láti ìgbà tí Alhaji Lateef Jakande ti di gómìnà ní 1979 la ti mọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ l'Ékòó, èmi gan-an jẹ nínú ẹ̀ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Èkó tún ń san owó WAEC fún àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ti irinṣẹ́, wọ́n ní kí òbí dáwó. Ìyá kan ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọkùnrin ẹ̀ mọ ìṣirò débi pé òun ló máa ń bá mi ṣírò owó ọjà tí mo bá ti Ládípọ̀ dé. Owó yẹn ò sí lọ́wọ́ wọn. Ọmọ náà fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ bá tíṣà pé kí wọ́n gbé òun lọ sí kíláàsì Commercial. Kò sẹ́ni tó lé e, ojú ló ń tì í. Lọ́jọ́ náà, ìyá ẹ̀ ń pọ́n ẹ̀kọ, kò gbórí sókè kí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó di Sátidé, mo pe ọmọ mi àti ọmọkùnrin yẹn sí ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé bátìrì 12 volt sílẹ̀, pẹ̀lú wáyà, gílóòbù kéékèèké 5 watt méjì, àti mítà mi kejì tó ń gbé nọ́ńbà jáde. Mo ní kí wọ́n so ó fúnra wọn. Gílóòbù kan tàn, mítà gbé 0.42 ampere jáde, ìyẹn bí iná tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó. Wọ́n so ìkejì tẹ̀ lé e, iná ṣú, mítà sì wálẹ̀. Ìwé wọn ní kó wálẹ̀ sí ìdajì, ìyẹn 0.21. Ó dúró sí 0.29. Àwọn méjèèjì tú u, wọ́n tún un so, 0.29 náà ni. Wọ́n yíjú sí mi, èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi gbé ìbéèrè yẹn lọ bá tíṣà wọn ní Mọ́ńdè. Tíṣà ní okùn tín-ín-rín inú gílóòbù ló fà á: bó bá ṣe gbóná tó ló ṣe ń dínà iná tó, tí kò bá sì gbóná púpọ̀, iná á ráyè kọjá. Ọmọ mi sọ pé inú tíṣà dùn gan-an, pé ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti bi òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi tún kà á fún mi nínú ìwé pé Ohm, ará Jámánì tó tẹ òfin iná tí ìwé wọn fi ní kó wálẹ̀ sí ìdajì yẹn jáde ní 1827, ọmọ ẹni tó ń ṣe àgádágodo ni, irinṣẹ́ tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ló sì fi wádìí ẹ̀. Ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tiwa! Mo ní kó tún un kà.

Máàkì 50 ni WAEC gbé lé práktíkà físíìsì. Ọmọ tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ló kọ́kọ́ di ammeter, mítà tó ń wọn iná tó ń kọjá, mú, ṣé ọwọ́ ẹ̀ ò ní gbọ̀n? Ẹ bá mi sọ fún ìjọba pé kí wọ́n fi mítà, wáyà àti gílóòbù tó máa kárí ránṣẹ́ sí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fòpin sí owó práktíkà. Owó mítà kan ò tó ti bátìrì mọ́tò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó ń kun géètì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra èyí náà.

Ní tèmi, mo ti kó gílóòbù méjìlá àti mítà méjì sínú páálí. Ọjọ́bọ̀ ni ọwọ́ mi máa ń dilẹ̀. Ilé ìwé ìjọba èyíkéyìí ní Mushin tó bá fẹ́, mo máa gbé bátìrì wá, n ò ní gba kọ́bọ̀. Ọmọkùnrin ìyá ẹlẹ́kọ ti ní òun máa bá mi ru páálí.

Èmi ni,
Riwáyà Ìdí-Òró,
Mushin, Èkó.