Fíríìdọ̀m kì í ṣe ìdánwò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n bá àwọn òbí tó fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ púlọ́ḿbà ní Àkúrẹ́ sọ̀rọ̀, kí n sì bá àwọn ọ̀gá ẹlẹgbẹ́ mi náà wí díẹ̀. Tó bá di Sátidé, a ó ta kánópì, a ó se ìrẹsì, alága ẹgbẹ́ á lu ìwé ẹ̀rí lóǹtẹ̀, ọmọ ti gba fíríìdọ̀m nìyẹn. Ohun tí ìwé yẹn ń sọ ni pé ọmọ náà lo ọdún mẹ́ta rẹ̀ pé, kò sì sá lọ. Kò sọ pé ó mọ páìpù í so. Ọmọ iṣẹ́ lè fi ọdún mẹ́ta ru páìpù, kó máa gbẹ́ ògiri, kó máa lọ ra gọ́ọ̀mù wá, láìsí ẹni tó gbé iṣẹ́ balùwẹ̀ kan ṣoṣo lé e lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Kí a tó dájọ́ ayẹyẹ, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá mìíràn, tí kì í ṣe ẹni tó kọ́ ọmọ náà, yan iṣẹ́ fún un kó ṣe é lójú rẹ̀. Ọjọ́ kan ti tó.

Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ tí a fi ń jó PPR fún un, ìyẹn páìpù ọ̀rá tí a ń fi ooru lẹ̀ mọ́ra. Páìpù tí a ń pè ní háàfù-ínṣì lọ́jà, 20 ni wọ́n kọ sára rẹ̀, nítorí pé ìta ara rẹ̀ ni wọ́n fi milimítà wọ̀n. Èyí tí wọ́n kọ 32 sí la ń pè ní ínṣì kan. Ẹ̀rọ yẹn gbọ́dọ̀ gbóná dé 260 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ìṣẹ́jú-àáyá 5 ni páìpù 20 máa lò lórí ẹ̀rọ náà, 7 ni ti 25, 8 ni ti 32. Ká tì í bọra ní tààrà, ká má yí i, ká dì í mú títí yóò fi le. Bó bá pẹ́ jù lórí iná, ọ̀rá tó yọ́ á wú sínú páìpù, ojú ọ̀nà omi á dín kù, onílé á máa bínú sí táńkì tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Bí kò bá gbóná tó, ńṣe ló máa dà bí ẹni pé ó mú, títí dọjọ́ tí wọ́n bá so pọ́ǹpù mọ́ ọn. Iná NEPA tí kò lágbára ló sábà ń fa èyí, tàbí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour", tí agbára rẹ̀ kò gbé ẹ̀rọ yẹn. Ọmọ tó mọṣẹ́ á dúró de iná àmì ara ẹ̀rọ kó tó fọwọ́ kan páìpù.

Páìpù ìdọ̀tí onínṣì mẹ́rin ńkọ́? Mítà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 rẹlẹ̀, mítà 6 á fi 15 rẹlẹ̀. A kì í fojú wọ̀n ọ́n. Rọ́bà funfun gbọọrọ tí bíríkìlà ń bu omi sí ni ká fi yẹ̀ ẹ́ wò. Omi inú tíráàpù, ìyẹn páìpù tó tẹ̀ tí omi máa ń dúró sí lábẹ́ báṣìnì àti balùwẹ̀, gbọ́dọ̀ jìn tó milimítà 50, òun ló ń dènà òórùn. Níbi tí kò bá sí páìpù atẹ́gùn, omi tó ń já bọ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á fa ti tíráàpù ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ ó gbọ́ tí yóò máa dún gọlọ-gọlọ, òórùn á sì tẹ̀ lé e. (Bó bá jẹ́ yàrá àlejò tí ẹnikẹ́ni kì í lò nígbà ọyẹ́, omi tíráàpù ló gbẹ. Ẹ da jọ́ọ̀gì omi kan sí i, ẹ má pe púlọ́ḿbà.)

Èyí tó ń dùn mí jù ni bí a ṣe ń yẹ iṣẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ nínú wa, a kàn máa ń ṣí omi táńkì sí i, a ó wo ara ògiri, a ó ní kò jò. Táńkì tó ga ní mítà 6 kò lè ti omi ju 0.6 bar lọ (bar ni a fi ń wọn agbára tí omi fi ń ti páìpù). Bí onílé bá wá so pọ́ǹpù tó ń ti omi ní 3 bar lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ìlọ́po kan àbọ̀ agbára tí páìpù yóò máa lò la fi ń dán an wò: 4.5 nìyẹn. Ká dí gbogbo ẹnu páìpù, ká lé afẹ́fẹ́ jáde, ká fi pọ́ǹpù àfọwọ́tẹ̀ gbé gééjì, aago tó ń fi agbára omi hàn, débẹ̀. PPR máa ń fẹ̀ díẹ̀, nítorí náà gééjì lè kọ́kọ́ wálẹ̀. Ẹ tún un gbé, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí kan. Kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri ni o.

Ẹ tún bi ọmọ náà ní ibi tí yóò gbẹ́ sókàwéè sí. Mítà 30 ni ká fi jìnnà sí kànga, ṣùgbọ́n pílọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju mítà 30 lọ. Kọ̀rọ̀ iwájú ni ọ̀kan máa wà, kí èkejì wà ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tó dojú kọ ọ́, ká sì wo ibi tí ti aládùúgbò wà. Lọ́pọ̀ àdúgbò Àkúrẹ́, àpáta kò jìn nílẹ̀. Ihò tó bá jókòó lórí àpáta kò ní mumi, òjò méjì péré, ó ti kún.

Ní ti ìwé, Trade Test tí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ń ṣe wà: ìpele 3 la ti ń bẹ̀rẹ̀, ká tó gòkè sí 2 àti 1. Ẹni tó bá lè lọ sílé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ fún ọdún mẹ́ta á ṣe ìdánwò NABTEB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́. Ti NSQ, ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tí NBTE, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ń bójú tó, ló bá ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ mu jù, torí iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe àti èyí tí ẹ bá ṣe lójú wọn ni wọ́n ń wò. Kí ọmọ iṣẹ́ máa fi fóònù ya àwòrán oríkèé páìpù kọ̀ọ̀kan àti gééjì lọ́jọ́ ìdánwò, kó sì yà á láàárọ̀, nítorí pé bíríkìlà kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Èmi ni,
Ọ̀gá púlọ́ḿbà kan,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́.