Owó Ọ̀nà Etíkun: Ìpè sí Gbogbo Ọmọ Ìlú Wa, Nílé Lóko

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, nílé lóko, títí dé òkè òkun, a kí yín o. A kú ọjọ́ mẹ́ta, a kú àìrójú ara wa. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ owó la tún gbé dé.

Ọ̀nà tó ya láti títì ńlá wọ ìlú wa dé etíkun la fẹ́ tún ṣe. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta lọ. Àwọn tó jẹ́ kí ojú tì wá nítorí ọ̀nà yìí kì í sì í ṣe ọmọ ìlú. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ni. Kì í ṣe Márúwá o, kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí, irú èyí tó fẹ́lẹ́ bí egungun ẹja, tí ẹni tó ń gùn ún á dorí kodò bí ẹni tó ń wá owó tó já bọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó bá sun ìlú mọ́jú Sátidé tàbí Sọ́ńdè á ti rí wọn. Ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ tí wọ́n á ti kúrò ní Ìkòyí àti Victoria Island. Wọ́n á gba Àjàh, wọ́n á gba Ṣàngótẹ̀dó àti Awóyàyà, kí mọ́tò tó kún ojú títì. Ilẹ̀ tiwa tẹ́ bí ẹní, kò sí òkè tí èèyàn fẹ́ gùn. Bí o bá dojú kọ ìlà-oòrùn, òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ, ọ̀sà wà lọ́wọ́ òsì, àgbọn tò lọ bẹẹrẹ. Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀, n kò mọ̀ pé ó lẹ́wà títí àwọn àlejò fi ń dúró ya fọ́tò ibi tí à ń sá ẹja sí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé wọn wá. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́ lágbègbè wa, lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọdún. Bí wọ́n bá ń bọ̀ láti Èkó, ó ń tì wọ́n lẹ́yìn, wọ́n á rò pé agbára àwọn ni. Ìgbà tí wọ́n bá yí padà ni ojú á là. Oòrùn á ti mú, afẹ́fẹ́ á ti le sí i, ó sì di iwájú wọn. Ní oṣù Keje àti Ìkẹjọ, ẹ ó rí wọn tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ, kí ẹni iwájú bá àwọn ẹ̀yìn gba afẹ́fẹ́, tó bá rẹ̀ ẹ́, òmíràn á bọ́ síwájú. Ibi tí wọ́n ti ń yí padà yẹn gan-an ni oríta ìlú wa. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, ebi ń pa wọ́n, owó wà lápò wọn. Wọ́n á wo ọ̀nà wa, wọ́n á mi orí, wọ́n á sì kọ ẹ̀yìn sí wa.

Ọ̀kan nínú wọn dán an wò lóṣù Kejì, ojú mi ló ṣe. Táyà kẹ̀kẹ́ wọn kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ méjì lọ, mìlímítà 25 sí 28, wọ́n sì ń fẹ́ ẹ títí á fi le bí òkúta. Kò kọjá kòtò kejì tí táyà fi bẹ́. Arákùnrin náà bọ́ sílẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún kó-kó-kó lórí ilẹ̀ bíi pátákò ewúrẹ́, àwọn ọmọdé bo ó. Bàbá tó ń lẹ táyà lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí ti tíúbù bọ bàsíà omi, ó rí ibi tó ti ń hó, ó lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Wàhálà dé nígbà tó kan fífẹ́. Ẹnu fáàfù tíúbù yẹn tín-ín-rín, kò bá póǹpù tiwa mu rárá. Póǹpù kékeré kan tí kò ju ìbọn omi ọmọdé lọ ni àlejò wa yọ lẹ́yìn ẹ̀wù. Àwọn ọmọ bá a kà á, ó lé ní igba kí táyà tó le. Bàbá gba 3,000 náírà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fà wọ́n sẹ́yìn, mo ní, "Bàbá, ó ti pọ̀ jù." Wọ́n ní, "Ṣé o rí bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀?"

Kó tó lọ, ó ra gúrúndì tó kù lórí àwo ìyá kan, ó mu àgbọn méjì lóòró. Ó béèrè ohun tó wà níwájú. Mo sọ fún un pé tó bá ń lọ síwájú, yóò dé Lẹ́kkí gan-an, Lẹ́kkí àtijọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ta ilẹ̀ rẹ̀ lówó iyebíye lẹ́bàá Victoria Island. Ibẹ̀ ni ìjọba há Awólọ́wọ̀ mọ́ ní 1962. Ibẹ̀ pẹ̀lú Palma ni èbúté tí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tẹ́lẹ̀, fi ń ṣòwò nígbà tó fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ibùjókòó, lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó ní 1851. Ẹnu yà á. Ó ní ọdún kẹrin tí òun ti ń gun kẹ̀kẹ́ wá apá ibí rèé, ẹnì kankan kò sọ fún òun rí.

Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé, ẹ̀gbọ́n wa kan bínú dìde. Wọ́n ní ṣé nítorí àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣeré la ó ṣe máa dáwó, nígbà tí orùlé ilé ìwé ń jò? Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe àsọdànù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn kan náà ni aboyún ń gbà lórí ọ̀kadà. Òun ni àwọn tó ń yan ẹja fi ń gbé e jáde, tí agbọ̀n ń dà sí kòtò. Òun ni àwọn ọmọ wa ń rìn lọ sílé ìwé. Láti ìgbà tí èbúté ńlá Lẹ́kkí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, tírélà kì í sinmi lójú títì, àwọn mìíràn sì ń yà wọ ọ̀dọ̀ wa tí títì bá dí. Ẹsẹ̀ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà láìbá tírélà forí gbárí, ọmọ ilé ìwé náà á gbà á.

Àwọn mìíràn ní ká dúró de ọ̀nà etíkun tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2024, èyí tó fẹ́ gba nǹkan bí 700 kìlómítà dé Calabar. Lóòótọ́, apá àkọ́kọ́ rẹ̀, kìlómítà 47 láti Victoria Island, Eléko ló dé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ńlá á kọjá níwájú wa, kò ní wọ àárín ilé. Tí kò bá sí ọ̀nà tó yà wá síbi wa, eré ni wọn yóò máa sá kọjá.

Ohun tí owó yìí fẹ́ ṣe: yangí àti òkúta wẹ́wẹ́ tí a ó fi dí kòtò, gọ́tà lápá méjèèjì kí òjò oṣù Kẹfà má kó gbogbo rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ọ̀nà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, pátákó tí yóò júwe ọ̀nà ní oríta, àtíbàbà kan létíkun tí àwọn ìyá wa á ti máa tajà. Póǹpù olórí méjì fún Bàbá náà wà nínú rẹ̀. Geeti àti tíkẹ́ẹ̀tì kò sí níbẹ̀ o. Àwọn ọmọ wa tó máa ń na okùn dí ọ̀nà kí wọ́n lè gba owó lọ́wọ́ àlejò, a ti pè wọ́n, a sì ti bá wọn sọ ọ́ lójú àwọn òbí wọn.

Ẹni tó wà nílé, 5,000 náírà. Ẹni tó wà l'Ékòó tàbí ibòmíràn ní Nàìjíríà, 20,000. Ẹ̀yin òkè òkun, 100,000. Ẹni tó ti lé ní 70 ọdún kò san, àfi tí ó bá wù wọ́n. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó kànga ẹ̀rọ ìjọ́sí ṣì wà lọ́kàn yín, nítorí a kò ka ìṣirò rẹ̀ fún yín délẹ̀. Ẹ̀bi wa ni. Lọ́tẹ̀ yìí, akápò á máa lẹ rìsíìtì mọ́ ara ògiri gbọ̀ngán ìlú lóṣooṣù, ẹ̀dà rẹ̀ á sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ka.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ ni a ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀wẹ̀, aago méje àárọ̀, ní oríta. Ẹ mú ṣọ́bìrì àti bárò dání, torí méjì péré ni ẹgbẹ́ ní, ọ̀kan kò sì ní táyà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́