Lẹ́tà sí ẹni tó fi pẹ́ńsù kọ̀wé sínú ìwé tí mo rà

Mi ò mọ orúkọ yín, mi ò sì mọ̀ bóyá bọ̀dá ni kí n pè yín tàbí àǹtí. Ibi tí ẹ kọ orúkọ sí nínú ìwé yìí, ẹnì kan ti fi báírò dúdú pa á rẹ́. "Àkúrẹ́, 2017" nìkan ló ṣẹ́ kù. Torí náà, bí mo ṣe ń kí oníbàárà tí mi ò mọ̀ bóyá ó jù mí lọ ni mo ṣe kí yín: ẹ káàsán o, ẹ fìdí kalẹ̀ ná.

Ìwé yín wà lọ́wọ́ mi. *The Fishermen* ni, ti Chigozie Obioma, ọmọ tí wọ́n bí sí Àkúrẹ́ níbí. Ọdún 2015 ló jáde, ó sì wà lára ìwé mẹ́fà tó kù nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò gba ẹ̀bùn Man Booker lọ́dún náà. Mo rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Ọba Adésídà. Mi ò tilẹ̀ wá ìwé lọ. Síìpù àti òwú ni mo fẹ́ rà. Ó pè é ní ₦2,000, mo ná an títí ó fi gbà ní ₦1,200. Ohun tó mú mi san owó ni pé bí mo ṣe ṣí i, mo rí ọwọ́ yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ewé: "Àlà tí mo mọ̀ kò rí báyìí." Mo bú sẹ́rìn-ín lójú títì. Ẹ̀bá odò Àlà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ẹni tó bá lè tìtorí odò wa bá òǹkọ̀wé jà, ó yẹ kí n gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Aránṣọ ni mí. Bí iná bá lọ tí mi ò sì fẹ́ fi epo jẹnẹrétọ̀ ṣòfò, ìwé ni mo máa ń kà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti mọ̀ pé bí mo bá ti wọ gíláàsì, kí ẹnikẹ́ni má bi mí ní ìwọ̀n bùbá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ìjà odò yìí. Nínú ìwé náà, odò tí àwọn ará àtijọ́ ń bọ ni Omi-Àlà, kí ìgbàgbọ́ tó dé, kí ó tó wá di ibi tí òbí kì í jẹ́ kí ọmọ dé. Nígbà tí wọ́n gbé bàbá wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì lọ sí Yola, Ikenna, Boja, Obembe àti Benjamin yọ́ lọ síbẹ̀ lọ pẹja. Ẹ ní Àlà yín kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, Àlà tí èmi náà ń rí lónìí, ọ̀rá àti ìdọ̀tí ló kún inú rẹ̀, ẹja wo ló fẹ́ gbé ibẹ̀? Ṣùgbọ́n ọdún 1996 ni ìtàn náà ń sọ. Mo rántí pé ìyá mi máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá dé odò lẹ́yìn aago mẹ́rin, kó má wulẹ̀ padà wálé mọ́, kó kúkú máa bá odò gbé. Kò sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wa rí. Ìwé yìí ni mo ti kọ́kọ́ pàdé ẹ̀rù tó wà lójú ìyá mi nígbà yẹn.

Níbi tí wèrè náà, Abulu, ti yọjú, ẹ kọ ọ́ pé: "A ò ní wèrè tó ń ríran níbí." Ẹ dákun, Àkúrẹ́ wo lẹ gbé? Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Arákálẹ̀, wèrè kan wà tí àwọn ìyá ọlọ́jà kì í jẹ́ kó kọjá lọ́wọ́ òfo, torí wọ́n ní ó ti pe ọjọ́ ikú ẹnì kan rí. Bóyá ó pè é, bóyá kò pè é, búrẹ́dì ń dé ọwọ́ rẹ̀ láràárọ̀. Abulu ní apẹja ni yóò pa Ikenna. Ẹ wo bí òǹkọ̀wé náà ṣe ṣe é: bàálù ń kọjá lókè, ariwo rẹ̀ bo ọ̀rọ̀ wèrè mọ́lẹ̀, Obembe nìkan ló gbọ́ ọ, òun ló sì sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Ká ní ọmọ yẹn pa ẹnu mọ́ ńkọ́? Mo gbé ìwé sílẹ̀ níbẹ̀, mi ò lè rán nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Abulu sọ̀rọ̀ tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Ikenna ló gbé ọ̀rọ̀ náà sùn, tó ń bá a jí, títí ó fi ń wo àbúrò rẹ̀ bí ọ̀tá.

Kò pẹ́ sí ibẹ̀ ni mo rí èyí tó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yín: "Ta ló ń ṣàlàyé fún ná?" Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí pẹ́ńsù mọ́. Mo ṣí i títí dé ìparí, ojú ewé mọ́ roro.

Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ti ka ìwé mẹ́rin mìíràn nítorí rẹ̀, mo sì ń bá yín jiyàn nínú gbogbo wọn. Bí aránṣọ bá fẹ́ mọ ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kì í wo iwájú aṣọ. Yóò yí i padà, yóò wo ojú rírán nínú. Bí èmi náà ṣe ń ka àwọn ìwé wọ̀nyí nìyẹn: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, mo ń yí i padà sí Yorùbá nínú orí mi. Ìgbà mìíràn mo rí òwú tó gún. Ìgbà mìíràn mo rí i pé lẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́.

Ẹ kò jẹ̀bi pátápátá o. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó wa, gbé *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde ní 1938, kò sì ṣàlàyé iwin fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ kó wá gbọ́. Ọgbọ̀n ọdún gbáko kọjá kí Ṣóyínká tó tú u sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Àwọn ti ìsinsìnyí ń ṣe méjèèjì pọ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ ní Yorùbá tàbí Ìgbò, wọ́n ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́sẹ̀ kan náà, àlàyé á sì bọ́ sílẹ̀ láàárín. Ṣùgbọ́n àlàyé kan wà nínú *The Fishermen* tí èmi ọmọ Àkúrẹ́ jàǹfààní rẹ̀: ó ń sọ èdè tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fi jáde lẹ́nu. Yorùbá ni àwọn ọmọ náà ń bá ara wọn sọ, Ìgbò ni pẹ̀lú òbí wọn, bí bàbá bá sì ti bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀ràn dé. Ẹ wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi. Oníbàárà tó bá ń fi Yorùbá bá mi jà nítorí aṣọ, a óò parí ẹ̀, á tún mu omi. Èyí tó bá yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, owó mi ti wọgbó nìyẹn. Ohun tó sú mi nínú ìwé náà ni bó ṣe ń fi ẹranko pe èèyàn níbẹ̀rẹ̀ orí: bàbá di idì, ẹni yìí di èyí, ẹni yẹn di ìyẹn. Nígbà tí yóò fi dé ìdajì, mo ti ń fo ìlà wọ̀nyẹn.

Èyí tó yẹ kí ẹ fi pẹ́ńsù yín gún ni *The Girl with the Louding Voice* ti Abi Daré, 2020. Mo sunkún níbi tí wọ́n ti fi Àdùnní, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, fún Mórúfù ṣe ìyàwó kẹta, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì wẹ́wẹ́ ni Àdùnní ń sọ fún wa láti ìlà àkọ́kọ́. Ní abúlé Ìkátì, èdè wo ló ń bá bàbá rẹ̀ sọ? Ṣé Yorùbá ọmọ náà fọ́ ni? Mo ní ọmọ iṣẹ́ kan tó ti ìhà Ìdànrè wá. Bó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi rẹ́rìn-ín. Bó bá gbé fóònù sétí láti bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á dákẹ́, èmi náà á tẹ máṣíìnì jẹ́jẹ́ kí n lè gbọ́. Nígbà tí Àdùnní bá dé Èkó, tó ń dá Big Madam lóhùn, kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fọ́, mo gbà. Nínú ọkàn ara rẹ̀ ńkọ́? Mo yí aṣọ yẹn padà, ojú rírán kò bá iwájú mu. Mo mọ̀ pé ilé ìwé lọmọ náà ń wá, àti pé a ní láti rí ibi tí ẹnu rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, mi ò fara mọ́ ọn.

*Stay With Me* ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, 2017, yàtọ̀ pátápátá. Iléṣà nihìn-ín ni, ibi tí wọ́n ń pe mọ́tò rẹ̀ ní gáréèjì wa lójoojúmọ́. Yéjídé, onídìrí, kò rí oyún, wọ́n fẹ́yàwó mìíràn fún Akin ọkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì gun orí òkè lọ bá wòlíì kan tó ní kó fún ewúrẹ́ lọ́mú. Ẹlòmíràn á ní èyí pọ̀ jù. Àwa tí a mọ orí òkè mọ̀ pé kò pọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lásán ni àkọlé ìwé náà. Èmi ka ìwé dé ibi tí wọ́n ti sọ ọmọ kẹta ní Rótìmí, lẹ́yìn tí ikú ti mú àwọn ti ìṣáájú lọ, ọwọ́ mi sì kọ̀ láti ṣí ojú ewé kejì. Ní agbo ilé wa, Rótìmí kan wà. A kì í fi orúkọ yẹn ṣe ẹ̀fẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Ìtumọ̀ wà nínú ìwé fún ẹni tó bá ń wá a, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ orúkọ náà kò nílò rẹ̀ mọ́. Bí mo bá ní ẹ̀sùn kan, àṣírí ń gorí àṣírí ju bó ṣe yẹ lọ, títí tí èyí tó kẹ́yìn kò fi yà mí lẹ́nu.

Òǹkọ̀wé kan náà ló kọ *A Spell of Good Things*, 2023, ibẹ̀ ni mo sì ti ní ẹnu ọ̀rọ̀ gidi, torí ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ wà nínú rẹ̀. Ẹniọlá lorúkọ rẹ̀. Tíṣà ìtàn ni bàbá rẹ̀ kí ìjọba tó lé e, láti ìgbà náà ni bàbá kò ti dìde dáadáa mọ́. Ilé ìwé ń na ọmọ nítorí owó tí òbí kò rí san. Ní apá kejì, Wúràọlá, dókítà, ọmọ olówó, ń múra láti fẹ́ ọkùnrin tó ń gbá a létí. Mo wá àṣìṣe nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ yẹn títí. Mi ò rí i. Aṣọ òde ìyá olówó tó ń pé àádọ́ta ọdún, ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ kiri dípò kí wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́: ó ká mi lára, mo gbójú sókè wo àwọn ọmọ tèmi, mo ní kí ẹni tó ń gbálẹ̀ wá jókòó sí máṣíìnì. Ìparí rẹ̀ ni mo bá a jà. Ó ti fi sùúrù gé aṣọ náà, ó wá fi ìkánjú ṣẹ́tí rẹ̀.

*My Sister, the Serial Killer* ti Oyinkan Braithwaite, èmi àti òru kan la jọ kà á tán. Àbúrò ń pa ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Ìpékeré ni: ó dùn, ó tán, ebi ṣì ń pa mí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ àkọ́bí lóbìnrin, ẹ ó mọ̀ ọ́n.

Èyí tí mo ń kà lọ́wọ́ báyìí, mo ṣì wà níbẹ̀rẹ̀, ni *The Road to the Country*, èyí tí Obioma gbé jáde ní 2024. Kúnlé wá Túndé àbúrò rẹ̀ dé Biafra, ogun sì gbé e mì. Àkúrẹ́ tún wà níbẹ̀. Mo ń wo ẹ̀gbẹ́ ojú ewé, mo ń retí pẹ́ńsù yín, kó tó wá sọ sí mi lọ́kàn pé tuntun ni mo ra èyí.

Ohun kan tí mo tún fẹ́ bi yín. Ṣé ẹ̀yin lẹ ta ìwé náà fúnra yín? Àbí ẹlòmíràn ló kó ẹrù yín tà? Ẹni tó pa orúkọ yín rẹ́, ó tẹ báírò mọ́ ọn gan-an. Mi ò fẹ́ ronú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kàn jẹ́ kí n mọ̀ pé ìbínú lẹ fi pa ìwé dé.

Mo ti kọ tèmi sábẹ́ tiyín pẹ̀lú báírò búlúù. Ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ tí mo ń kó bọ́tìnì sí. Bí ẹ bá dé òpópónà Oyèmẹkùn, ẹ béèrè aránṣọ tó ń kàwé, wọn yóò júwe. Mi ò ní gba ₦1,200 mi padà, ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ẹ gbé e lọ sílé. Ìjókòó wà, pẹ́ńsù ìlàṣọ wà. Ibi tí ẹ dé lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.