Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ nípa aṣọ Harris Tweed

Glasgow,
Scotland.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Bá mi kí Ìyá àti gbogbo àwọn tó wà nídìí òfì n'Ísẹ́yìn.

O béèrè irú aṣọ tí wọ́n fi rán kóòtù tí mo wọ̀ nínú fọ́tò. Harris Tweed ni, irun àgùntàn pọ́ńbélé. Àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn Scotland ni wọ́n ti ń hun ún: Lewis, Harris, Uist àti Barra. Atẹ́gùn òkun ibẹ̀ kò mọ eré, ìdí rèé tí aṣọ náà fi ki tó bẹ́ẹ̀. Ara wọn ni wọ́n ń hun ún fún tẹ́lẹ̀. Lady Dunmore, opó ẹni tó ni ilẹ̀ Harris, ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́lá ní nǹkan bí ọdún 1846.

Àbẹ̀kẹ́, ìwọ tó o mọ aró á gbádùn èyí. Kí irun tó di òwú rárá ni wọ́n ti ń pa á láró. Wọ́n á wá po oríṣiríṣi àwọ̀ pọ̀ kí wọ́n tó ran án. Aṣọ tó bá jọ sányán lókèèrè, sún mọ́ ọn, wàá rí búlúù, wàá rí àwọ̀ ewé, wàá rí pupa nínú òwú kan ṣoṣo. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń ha nǹkan kan tó ń hù mọ́ ara àpáta, crotal lórúkọ rẹ̀. Wọ́n á sè é mọ́ irun, á di pupa rúsúrúsú, òórùn rẹ̀ kò sì ní í kúrò lára aṣọ bọ̀rọ̀.

Bí wọ́n bá hun ún tán nígbà náà, àwọn obìnrin á yí pátákó gbọọrọ ká, wọ́n á máa lu aṣọ tútù náà mọ́ ọn kó lè ki. Ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Ẹnì kan á dá orin, àwọn yòókù á gbè é, ìlù ọwọ́ wọn ò ní í yẹ̀. Ilé iṣẹ́ ló ń ṣe ìyẹn báyìí.

Ṣùgbọ́n híhun rẹ̀ kò kúrò nílé. Òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1993 sọ ọ́ gbangba: erékùṣù wọ̀nyẹn ni kí wọ́n ti pa irun láró, kí wọ́n ti ran án, kí wọ́n sì ti parí aṣọ, inú ilé ara rẹ̀ ni kí ahunṣọ ti hun ún. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wa òfì wọn, kì í ṣe iná mànàmáná. Aṣọ tí kò bá tẹ̀ lé èyí kò ní í gba òǹtẹ̀. Irú òfin yìí gan-an ni mo ń fẹ́ fún aṣọ òfì tiwa, kí orúkọ Ìsẹ́yìn má di ti ẹni tí kò jókòó sídìí òfì rí.

Mo ti fi gígé rẹ̀ kan rán ẹni tó ń bọ̀ nílé. Tú òwú kan nínú rẹ̀, gbé e sínú oòrùn, kí o sì kọ̀wé sí mi iye àwọ̀ tó o bá kà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àjíkẹ́