Kwara kò bá òkun pààlà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe níbí

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ fi ìwé ìròyìn yín pe àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa ní Kwara sí ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbà wá oògùn jẹjẹrẹ lára fọ́ńgọ́ọ̀sì inú òkun, ìyẹn àwọn ìbátan olú tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ.

Bí a bá gbin fọ́ńgọ́ọ̀sì kan ṣoṣo sínú àwo ní láàbù, púpọ̀ nínú kẹ́míkà tí ó lè pèsè ni kì í pèsè, torí kò sí ẹni tó ń bá a du oúnjẹ àti àyè. Ṣùgbọ́n bí a bá gbin ohun abẹ̀mí mìíràn tì í, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà, àwọn jíìnì, ìyẹn àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń darí ohun tí ó ń pèsè, tó ti ń sùn a sì jí. Ní ọdún 2005, ikọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì William Fenical ní Scripps, ilé ìwádìí nípa òkun ní California, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé nígbà tí àwọn gbin Libertella, fọ́ńgọ́ọ̀sì inú òkun kan, pọ̀ mọ́ bakitéríà inú òkun, ó pèsè kẹ́míkà mẹ́rin tí wọ́n pè ní libertellenone, èyí tí kò pèsè rárá nígbà tó dá wà. Àwọn kẹ́míkà yìí ní agbára láti pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ìfun ńlá nínú àwo. Láti ìgbà náà, àwọn mìíràn ti gbin fọ́ńgọ́ọ̀sì méjì pọ̀, tí wọ́n sì rí kẹ́míkà tuntun.

Ohun tó pa sẹ́ẹ̀lì nínú àwo kò tíì di oògùn o. Kí aláìsàn kankan má ṣe tìtorí ìròyìn báyìí fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ lọ bá àwọn tó ń ta omi inú ìgò bí oògùn jẹjẹrẹ.

Ẹlòmíràn lè ní kí ló kan Ìlọrin nínú ọ̀rọ̀ òkun. Ìbágbé àti ìjàdù ló jí àwọn jíìnì wọ̀nyẹn, fọ́ńgọ́ọ̀sì etí Odò Asà, ti Odò Ọya ní Jẹ́bà, àti ti ilẹ̀ abẹ́ igi òrí náà sì ń bá àwọn aládùúgbò wọn jàdù lójoojúmọ́. Gbígbìn wọn pọ̀ kò gba owó ńlá; iná mànàmáná tí kò ṣẹ́jú ló gbà, kí ohun tí a gbìn má baà bàjẹ́ kí ó tó gbó. Mo bẹ àwọn aláṣẹ Yunifásítì Ìlọrin, ti Málété àti ti Òmù-Àrán pé kí wọ́n jọ pa láàbù wọn pọ̀ lórí iṣẹ́ yìí, kí wọ́n sì jọ kọ̀wé béèrè owó ìwádìí lọ́wọ́ TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fowó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, àti ìjọba ìpínlẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ bàọ́lọ́jì kan,
Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara.