Ẹ jẹ́ kí á mọ ìyàtọ̀ láàárín olè àti adigunjalè

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ìròyìn méjì tí mo kà nínú ìwé ìròyìn yín ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ kọ ọ́ pé "olè" gba ọ̀kadà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tí wọ́n fi àdá ṣá lápá ní ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹ sì pe ọmọ tó yọ fóònù nínú báàgì obìnrin kan ní ọjà Ìpàta ní "adigunjalè".

Yorùbá kò pe gbogbo wọn lórúkọ kan náà. Jágùdà wà lọ́tọ̀, gbéwiri wà lọ́tọ̀, ọlọ́ṣà náà wà lọ́tọ̀. Nínú orúkọ adigunjalè gan-an, ogun la gbọ́, a kò gbọ́ ìbọn, nítorí náà ó máa ń dùn mí bí ẹnì kan bá ní kì í ṣe ìdigunjalè níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ìbọn. Penal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní apá ibí láti ọdún 1960, sọ pé olè jíjà di ìfipájalè bí olè bá pa ènìyàn, tó ṣe é léṣe, tó dá a dúró tipátipá, tàbí tó fi ikú tàbí ìpalára ojú ẹsẹ̀ dẹ́rù bà á, kí ó lè rí nǹkan náà gbà tàbí kí ó lè gbé e lọ. Òfin tí ìjọba ológun gbé jáde lórí ìdigunjalè lọ́dún 1970, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, tí wọ́n sì fi ti 1984 rọ́pò, ní kí ẹni tó fipá jalè ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21. Ikú ni ti ẹni tó di ìhámọ́ra, ẹni tó ṣe ènìyàn léṣe, àti ẹni tó bá oníhàámọ́ra rìn, bí ọwọ́ tirẹ̀ tilẹ̀ ṣófo. Iye tí wọ́n jí kò sí nínú ìṣirò náà rárá.

Wọ́n ṣá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́rùn ọwọ́ nígbà òjò tó kọjá. Gèlè ìyá rẹ̀ la fi dì í, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán sórí bẹ́ǹṣì àgọ́ ọlọ́pàá. Torí pé ara ọmọ náà ń gbọ̀n, èmi ni mo sọ̀rọ̀: mo ní, "Olè ló jí ọ̀kadà ọmọ yìí." Ohun tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn, àdá kò wọ inú ìwé. Nígbà tí ọwọ́ tẹ afurasí kan, ẹ̀sùn olè jíjà lásán ni wọ́n fi kàn án, ó sì gba béèlì kí egbò ọwọ́ ọmọ wa tó jinná. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹjọ́ sùn, kí ó sọ ohun tó rí lọ́wọ́ wọn, ohun tí wọ́n wí àti ibi tí wọ́n ti fọwọ́ kàn án, kí ó tó dárúkọ ohun tí wọ́n gbé lọ.

Àwa tí a wà nítòsí Ọ̀fà mọ ohun tí ogun inú ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018, àgọ́ ọlọ́pàá Ọ̀fà ni àwọn adigunjalè kọ́kọ́ ya bò kí wọ́n tó kọjú sí àwọn báńkì, ẹ̀mí tó lọ sí i sì lé ní 30. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin tó dájọ́ ikú fún ènìyàn márùn-ún lórí rẹ̀. Orúkọ kan náà yìí lẹ fún ọmọ tó yọ fóònù ní Ìpàta, níbi tí táyà àti epo bẹntiróòlù ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣáájú ọlọ́pàá. Mo bẹ̀ yín, ẹ tún ìròyìn yẹn kọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Àjàṣẹ́-Ìpo